Omi Ọ̀tìn Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Etí mi ṣì ń gbọ́rọ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ohùn ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ni kò kún ẹnu tó. Mo rí bí Wọlé, ọmọ-ọmọ mi, ṣe dorí kodò láàárọ̀ yìí nígbà tí ọmọ rẹ̀ kí mi lórí fóònù láti Kánádà. Ọmọ náà, Tiwa, ní, "Háì, Gíráńmà," ó rẹ́rìn-ín, ó sì sá lọ bá eré rẹ̀. Wọlé rò pé inú bí mi. Ta ni inú ń bí? Èmi tí mo rí ti Ṣadé, ṣé ti Tiwa ni yóò wá bà mí lẹ́rù? Ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ bí a ṣe ṣe é nígbà tí irú rẹ̀ dé bá wa.

Ní ayé tiwa, Góòlù Kóòsì, tó di Gánà lónìí, ni Kánádà. Kò sí agbo ilé tí ẹ máa wọ̀ ní Inísà, ní Òkukù tàbí ní Ìgbàyè tí wọn kò ní ní ọmọ kan ní Kùmásí tàbí ní Támálè. Ilé dùn o, àmọ́ ibi tí ọjà bá ti ń tà ni ọlọ́jà ń pàtẹ sí. Abọ́ tánganran ni èmi àti bàbá yín àgbà ń tà ní Kùmásí, èyí tó ní òdòdó pupa nínú, tí ẹ bá fi èékánná kàn án, á dún gbinrin. Láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀, èdè oníbàárà ni à ń sọ. Ìdí àtẹ yẹn ni Ṣadé, àkọ́bí mi, ti rá. Ibẹ̀ ló ti rìn, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ń sọ èdè Àṣáńtì bí ẹní mumi, ó sì gbọ́ Háúsá díẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ Sóńgò, àdúgbò àwọn Háúsá. Yorùbá ní tirẹ̀, àfi ìgbà tí ará ilé bá wá kí wa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Àsìkò ọdún Kérésì ni a máa ń wálé. Ọkọ̀ lọ́rì á gbé wa dé Èkó, lẹ́yìn náà ó di ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi mọ́tò sáré lọ sáré bọ̀ lónìí, ẹ kò mọ ohun tí ẹ pàdánù. Bí rélùwéè bá ti fi Òṣogbo sílẹ̀, gbogbo wa á dìde dúró. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á máa fẹ́ wọlé lójú fèrèsé, pẹ̀lú òórùn kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ní Ìkìrun, àwọn obìnrin á sáré tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú àkàrà gbígbóná àti ìrèké, wọ́n á máa pariwo pé, "Ẹ rà á lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin ará òkè òkun!" Ọkọ̀ á tún fọn fèrè, ó di Òkukù, níbi tí àwa ará Inísà ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn alábàárù á ti dúró dè wá. Lọ́dún kan, alábàárù gbé àpótí ìyàwó tuntun kan lọ sí Ìgbàyè dípò Inísà. Ìró àtijọ́ ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà ró wọlé ọkọ, nígbà tí àpótí sì fi máa dé, ìyàwó ti ń gúnyán fún ìyá ọkọ. Títí ó fi darúgbó, tí wọ́n bá fẹ́ mú un bínú, wọ́n á ní, "Àpótí ẹ ti dé láti Ìgbàyè o."

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ṣadé ti tó ọmọ tí à ń rán níṣẹ́. Ìyá ọkọ mi ti ń bẹ̀ wá tipẹ́ pé kí a jẹ́ kí ó dúró ti àwọn, kí ó máa lọ sílé ìwé ní Inísà. Ìyá Ọlọ́tìn ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n, nítorí pé Ọ̀tìn ni wọ́n ń sìn, odò tí gbogbo wa ń mu. Aṣọ funfun ni wọ́n máa ń ró ní gbogbo ìgbà, ìlẹ̀kẹ̀ wọn kì í kúrò lọ́rùn. Ọkọ mi nìkan ni ọmọkùnrin tó kù fún wọn. Ó di onígbàgbọ́, wọn kò bá a jà. Ó lọ sí Kùmásí, wọn kò bá a jà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọmọ-ọmọ tí wọn yóò máa bá sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

A wọ agbo ilé, àwọn èèyàn hó yè, Ṣadé sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ara mi yá gágá. Mo ní lọ́kàn mi pé mo kúkú tọ́mọ. Múfútáù, ọmọ àbúrò bàbá ọkọ mi, tí kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ṣadé wò ó, ó ní, "Ẹ kúulé o, ọkọ mi."

Ó yíjú sí àbúrò ọkọ mi obìnrin, ó ní, "Ẹ kúulé, Òpéléńgẹ́ mi." Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí Ìyá Ọlọ́tìn gan-an, ó fi ohùn dídùn kí wọn: "Ẹ kúulé, ìyá ọkọ mi."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gbọ́ ọ lọ́jà. Múfútáù sá wọ ẹ̀yìn ilé, kò jáde títí oúnjẹ fi délẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi orúkọ pe àna yín lónìí, ó yẹ kí n là á yé yín. Láyé ìgbà náà, ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí lánàá, tí ìyàwó wọlé lónìí, ọkọ ìyàwó ni. Wọ́n ti bí Múfútáù kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà ọkọ mi ni, ì báà máa fi imú ṣe ọ̀bẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, èmi ni mo sọ ọ́ ní Òpéléńgẹ́. Bí àwọn ará ilé bá wá sí Kùmásí, bí mo ṣe ń kí wọn nìyẹn, etí ọmọ mi sì gbé e. Yorùbá tó gbọ́ kò lábùkù kankan. Yorùbá ìyàwó ni.

Ìyá Ọlọ́tìn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa ọmọ náà dìde, wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ ọ wá síbí, ọmọ mi?" Ṣadé kò gbọ́. Ó fi èdè Àṣáńtì dá wọn lóhùn, wọn kò gbọ́ òun náà. Wọ́n wá gbójú sókè wò mí. "Ìyàwó mi, ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ìyàwó nílé bàbá rẹ̀, àlejò ló ṣì jẹ́." Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Bàbá Ṣadé, ọkọ mi, wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn àti ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bí ọmọ ṣe ń jókòó sí ìdí ògiri láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Bó bá fi di Àjíǹde tí a máa padà sí Kùmásí, tí kò tíì lè bá yín sọ̀rọ̀, mo máa mú un padà. Mi ò lè fi ọmọ sílẹ̀ kó máa ya odi láàárín èèyàn." Ìyá Ọlọ́tìn dìde. Wọ́n gbé orù wọn, wọ́n gba ọ̀nà odò lọ. Èmi, ìyá ọmọ, mi ò mọ apá ibi tí mo wà. Mo fẹ́ kí ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì fẹ́ kó ní ilé.

Kì í kúkú ṣe ilé tiwa nìkan. Ẹnìkan kó ọmọ wálé láti Kánò, òmíràn láti Jọ́ọ̀sì. Bàbá Ìjọ wa, tí ẹnu wọn le bí ata, ọmọ-ọmọ tiwọn dé láti Jọ́ọ̀sì, dípò kó dọ̀bálẹ̀, ó na ọwọ́ sí wọn, ó ní, "Sànnu, Bàbá." Bàbá Ìjọ gbé ọwọ́ náà wò bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹja tó ti bàjẹ́.

Àlùfáà tó ń bójú tó ìjọ wa nígbà náà, Ìkìrun ni wọ́n ń gbé, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì máa ń gùn wá. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn tí wọ́n ka ìkéde ìgbéyàwó tán, wọ́n ní láti Sátidé tó ń bọ̀, ilé ìwé èdè yóò máa wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn ọmọ tó ti àjò dé, kí ìdílé gbogbo kó ọmọ wọn wá, Kìrìsìtẹ́nì o, Mùsùlùmí o. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá kan dìde, ó ní, "Àlùfáà, ta ló ń kọ́ ọmọ ewúrẹ́ ní igbe?"

Àlùfáà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bàbá, nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ àlùfáà, wọ́n kọ́ mi ní Gíríìkì. Mi ò rí ará Gíríìkì kankan rí, ìyá mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Síbẹ̀ mo jókòó tì í títí ó fi wọ̀ mí lórí, nítorí pé mo fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn àpọ́sítélì sọ láìsí alágbàsọ. Ṣé ọmọ tiwa ò wá lè jókòó ti èdè ẹni tó bí bàbá rẹ̀?"

Bàbá náà jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Inísà, wọn kì í jẹ́ kí nǹkan lọ lásán. Láti ọjọ́ yẹn, Ilé Ìwé Gíríìkì ni wọ́n ń pè é. "Ṣadé dà?" "Ó ti lọ Gíríìkì." Ohun tí wọ́n sì ń kọ́ níbẹ̀ kò ju A, B, D lọ.

Irin rélùwéè kan tó ti gbó, tí wọ́n so rọ̀ sára igi máńgòrò, ni agogo wa. Bó bá ti dún lówùúrọ̀ Sátidé, ẹ ó rí àwọn ọmọ pẹ̀lú síléètì lábẹ́ apá, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ lọ lójú ọ̀nà. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń kàwé: "Bàbá lọ sí oko. Ìyá lọ sí ọjà." Ohùn Ṣadé ló máa ń ga jù. Kó tó di àárín Lẹ́ńtì, ó ti ń ka ojú ìwé kan láìdúró, ó sì ti ń gbọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí a bá sọ. Ṣùgbọ́n bó bá délé, tó rí Múfútáù, ó tún di, "Ẹ kúulé, ọkọ mi." Àwọn ọmọdé á ya bo Múfútáù, ojú á ti ọmọ mi, á sì tún padà sí ìdí ògiri rẹ̀.

Mo gbìyànjú. Mo ní, "Má pè é ní ọkọ mọ́. Bọ̀ọ̀dá Múfú ni kí o máa pè é." Ó ní òun ti gbọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, mo gbàgbé, mo ké sí Múfútáù pé, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ìgbálẹ̀ yẹn." Ṣadé wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ìwò tí à ń wo òpùrọ́.

Àlùfáà ló rí ojú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ohun tó kù fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, kò sí nínú ìwé. Wọ́n wá dá ọjọ́: Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Ọ̀pẹ, a ó gba àwọn ìdílé lálejò ní Gíríìkì, kí àgbà kan láti ilé bàbá ọmọ kọ̀ọ̀kan wá jókòó tì í, kó sọ ẹni tó jẹ́ fún un.

Bàbá Ìjọ fò dìde. "Àlùfáà, àwọn àgbà ilé mìíràn, òrìṣà ni wọ́n ń bọ! Ṣé nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà ni wọ́n máa wá jókòó sí?"

"Ẹni tó bá mọ ilé ni kó wá, Bàbá. Ọmọ yín tó ti Jọ́ọ̀sì dé ńkọ́, ta ló máa jókòó tì í?"

Bàbá Ìjọ jókòó.

Mo sáré lọ sọ fún Ìyá Ọlọ́tìn. Wọ́n ń fọ orù wọn lọ́wọ́, wọn kò gbójú sókè. "Ìyàwó mi, ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ọmọ mi, mo yọ̀ǹda. Àmọ́ mi ò ní lọ dúró níbi tí wọ́n á ti máa wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi bí ẹni wo ejò. Ẹ lọ, ẹ̀yin." Lọ́jọ́ kejì ni bàbá Ṣadé ránṣẹ́ sí awakọ̀ lọ́rì pé kó bá òun fi àyè ọmọdé kan sílẹ̀.

Sátidé náà pé. A ti gbá ilẹ̀, a ti fi màrìwò ṣe ilẹ̀kùn lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ará Ìgbàyè fi ẹsẹ̀ rìn wá, àwọn ará Òkukù há mọ́ inú ọkọ̀ wá. Àwọn àgbà Mùsùlùmí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bọ́ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Àwọn ọmọ ìjọ rí i, wọ́n rò pé Àlùfáà ló pa á láṣẹ, àwọn náà bọ́ tiwọn. Bàtà kún ìta bí ọjà Ìkìrun. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe dá bàtà mọ̀ nígbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn kan wọ̀ lọ.

Àwọn ọmọ ń jáde síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbà ilé wọn á dúró tì wọ́n, á fa ọwọ́ wọn káàkiri pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí, àbúrò bàbá rẹ nìyí." Ó kan Ṣadé. Èmi nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dìde. Kí ni mo lè sọ? Èmi tí wọ́n fẹ́ wá, ọ̀rọ̀ ìyàwó nìkan ló wà lẹ́nu mi, òun ni mo sì ti fi kọ́ ọ. Bàbá Ṣadé dúró lẹ́yìn, ó ń wolẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà dí. Ìyá Ọlọ́tìn ni, nínú aṣọ funfun, orù omi lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Múfútáù wà lẹ́yìn wọn, ó gbé igbá dání. Wọn kò tẹ inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ní, "Mo gbọ́ pé ẹ ń gba àlejò. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ọ̀nà odò, mi ò rí ẹni tó wá pọnmi. Ṣé bí àwọn onígbàgbọ́ ṣe ń kí àlejò nìyí, lẹ́nu gbígbẹ?"

Òótọ́ ni. A gbálẹ̀, a já màrìwò, kò sí ẹni tó rántí omi, omi tó jẹ́ pé òun la kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò. Ojú ti gbogbo wa. Bàbá Ìjọ ló lanu: "Ìyá, omi Ọ̀tìn kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni. Òun náà ni wọ́n fi se ẹ̀kọ tí o mu láàárọ̀. Òun náà ni mo fi wẹ̀ ọ́ nígbà tí mò ń pọ̀n ọ́ fún ìyá rẹ."

Ẹ̀rín bú. Àlùfáà rìn wá láti iwájú, wọ́n gba igbá lọ́wọ́ Múfútáù, wọ́n bu omi náà, wọ́n mu ún tán. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ ṣeun. Òun náà ni mo fi ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ ìjọ wọ̀nyí." Wọ́n bù ú kún, wọ́n gbé e fún Bàbá Ìjọ. Bàbá Ìjọ ń wo igbá, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ọmọ Jọ́ọ̀sì tí òǹgbẹ ti ń gbẹ ní tirẹ̀ ti gbá igbá náà mú, ó ń mu ún gbọ̀kọ̀gbọ̀kọ̀. Bàbá Ìjọ bá gba èyí tó kù, wọ́n dà á mu. Wọ́n ní, "Ẹ wọlé, Ìyá mi."

Ìyá Ọlọ́tìn wọlé. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fa Ṣadé sáàárín orúnkún wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Èyí," wọ́n tọ́ka sí Múfútáù, "Bọ̀ọ̀dá rẹ ni. Bó bá nà ọ́, wá sọ fún mi." Wọ́n nawọ́ sí mi. "Ìyẹn ńkọ́?"

"Màmá mi," ni Ṣadé wí.

"Màmá rẹ ni. Àmọ́ nílé wa, ìyàwó ni. A fẹ́ ẹ wá ni. Èmi náà tí o ń wò yìí, wọ́n fẹ́ mi wá ni. Ìwọ, wọn ò fẹ́ ọ wá. Wọ́n bí ọ síbẹ̀. Ìwọ lo nilé."

Ọmọ náà gbójú sókè. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń là bọ̀. Ó wo Múfútáù, ó wo àwọn ìyá àti àwọn bàbá tó kún ibẹ̀, ó wá kọjú sí mi, ó ké tòò: "Ìyàwó!"

Ó nawọ́ sí orù omi.

"Ìyàwó, bu omi wá fún ìyá mi àgbà."

Èmi ni mo bí i. Àṣà kò ní kí n pè é ní ọkọ. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú, mo ní, "Mo ń bọ̀, ọkọ mi." Ariwo ayọ̀ tó sọ, ẹyẹ fò kúrò lórí igi máńgòrò. Ìyá Ọlọ́tìn ń fi etí aṣọ funfun nu ojú. Bàbá Ṣadé yíjú sí fèrèsé, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àyè lọ́rì lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn Àjíǹde, àwa méjì péré la wọ ọkọ̀ ní Òkukù. Ṣadé dúró nísàlẹ̀, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ àgbà mú, ó ń juwọ́: "Ìyàwó, ó dàbọ̀ o! Kí ẹ tètè dé!" Mo sunkún títí a fi dé Ìkìrun. Ayọ̀ wà nínú ẹkún náà, àárò ọmọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ìyá Ọlọ́tìn ń gbé omi wá ní gbogbo Sátidé títí ẹsẹ̀ wọn ò fi gbé wọn mọ́. Wọn kò ṣe ìrìbọmi, kò sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n ṣe é. Rélùwéè kì í fọn fèrè fún wa mọ́. Inú ọ̀rá la ti ń mu omi lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì sì ti ní ilẹ̀ dídán tí ẹsẹ̀ ń yọ̀ lórí rẹ̀. Mi ò ní kí ayé padà sẹ́yìn. Ọmọ ni mò ń wí. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún Tiwa pé òun ló nilé.

Wọlé, gbé fóònù yẹn wá. Tún un pè. Má sọ fún un pé Gíráńmà ló ń pè o. Sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ní Inísà ni, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí kí wọ́n rán òun níṣẹ́.